Láfún Orí Àpáta

Ìgbájú dé ojú Àsíátù kó tó yí tẹ̀sùbáà rẹ̀ dé ìdajì. Ó ti kírun Àsùbáà tán, ó ṣì wà lórí ẹní ìrun, ó kọjú sí gábàsì, ni Ládòkun ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó ní kó dìde, kó lọ wọ́ èbù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó bẹ ẹ́, kó gbé e kaná. Àsíátù kò dáhùn. Ẹni tó ń ṣe tẹ̀sùbáà kì í da ọ̀rọ̀ ayé pọ̀ mọ́ ọn, Ládòkun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì balẹ̀.

"Èmi ń bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ ń bá ìlẹ̀kẹ̀ sọ̀rọ̀!"

Okùn tẹ̀sùbáà já. Ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀ yàrá, òmíràn yí wọ abẹ́ àpótí. Àsíátù kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìbòrí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Ramlah," ló sọ. "Ṣùgbọ́n èbù kì í ṣe oúnjẹ. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré ló kù wá kù. Bí a bá jẹ ẹ́ lónìí, kí la ó gbìn bí òjò bá rọ̀?"

"Òjò wo? Èyí tí gbogbo yín ti ń kírun bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù kejì? Ká tiẹ̀ ní ó rọ̀. A gbin iṣu ní ìdúnta, ta ló jẹ ẹ́? Màlúù. A gbìn ín lésìí, ta ló jẹ ẹ́? Màlúù! Ṣé kí n lè máa bọ́ màlúù Jẹ́ẹ́dé ni Ọlọ́run ṣe dá mi sáyé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ fún mi, kí n yáa lọ máa sùn nínú gáà àwọn Bòròrò."

Ohun tó dun Àsíátù jù ni pé irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Màlúù jẹ iṣu wọn lóòótọ́. Wọ́n fẹjọ́ sùn títí, ẹjọ́ náà sùn. Nígbà tí iṣu tán, wọ́n sá di ẹ̀gẹ́ mú. Wọ́n hú u, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sá a sórí àpáta kó gbẹ di láfún tí ilé yóò máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, màlúù tún gun àpáta náà, wọ́n jẹ ẹ́ dé ìlàjì. Ládòkun kàn jókòó síbi tí ìgbẹ́ màlúù wà, ó ń wò ó.

Ìyá Ládòkun sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jókòó sí. "Ládòkun, fi ìyàwó rẹ sílẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Màámi, ẹ ti jẹ oyin náà rí? Kí lẹ tiẹ̀ jẹ lánàá?"

"Mo gbààwẹ̀ lánàá."

"Ààwẹ̀ kẹ̀! Oṣù ààwẹ̀ ti lọ!"

Ramlah, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé, dá ìgbálẹ̀ dúró. Gbogbo wọn ló mọ irú ààwẹ̀ tí Ìyá ń gbà.

Bí Àsíátù ṣe ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ lọ ni òórùn kan wọ imú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí nǹkan kan. Ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìgbájú bà, ó gbóòórùn ọwọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun gan-an ni òórùn ti ń wá, òórùn òògùn tí wọ́n ń fín sí oko ẹ̀wà. Òògùn burúkú ni. Bó bá ta sí èèyàn lára, ọṣẹ ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣí i. Ọwọ́ tó gbá a lójú ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà wo ló wà lóko nínú oṣù kẹrin tí ilẹ̀ ṣì gbẹ bí orí àwo?

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó bá ìgò náà lẹ́yìn ìkòkò omi, ó ti ṣófo. Ó tún bá bàsíà tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Nígbà tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ti dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ta lẹ fẹ́ pa?" ló bi í.

"Màlúù."

"Níbo lẹ fi sí?"

Ládòkun gbójú sá. "Eteetí àpáta. Ibi tí wọ́n ń gbà gun òkè. Láfún tèmi ni mo fi ṣe é, mi ò fọwọ́ kan ti ẹnikẹ́ni. Bí màlúù ò bá wá síbẹ̀, kò ní jẹ ẹ́. Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Lá ìlàhà ílálọ́ọ̀! Ilé márùn-ún ló ń sá nǹkan sórí àpáta yẹn! Ẹ jẹ́ ká lọ kó o. Ẹ jẹ́ ká lọ kó o nísinsìnyí, kí oòrùn tó là."

Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ládòkun fa ìró rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Orí Àsíátù ró gbì lára férémù ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó tún fẹ́ kọjá. Ọkọ tún sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ki ọwọ́ ọkọ mọ́lẹ̀, ó gé e jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ ò rí i bí? Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè sí ọkọ rẹ̀ ni o. Ládòkun ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀gúsí. Ramlah ń sunkún, ó ń fa bàbá rẹ̀ láṣọ. Àwọn ará ilé ń pariwo, "Ládòkun, ó tó! Ládòkun, o ò ní pààyàn!" Wọ́n ń pariwo ni, kò sẹ́ni tó wọlé. Ìjà tọkọtaya, ó ní ibi táráyé ń dúró sí.

Inú ìjà yẹn ni wọ́n wà tí ojú ọjọ́ fi yí padà, tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí i.

Ìjì ló kọ́kọ́ dé láti ọ̀nà Kìṣí, ó gbé erùpẹ̀ pupa, ó sì bo abúlé Àgọ́ Àpáta lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà nìyẹn, òjò tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ yìí. Bí òjò bá sì ṣú lórí láfún, ojú àpáta ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tí àwọn bàbá wọn fi lélẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí àpáta kò gbọdọ̀ kó tirẹ̀ nìkan. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò kó, ti ọ̀rẹ́, ti ọ̀tá, nítorí òjò kì í dúró de ẹni tó ń yodì.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé orí àpáta lọ́jọ́ náà ni Bàṣírátù, ìyá Muhydeen, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé Ládòkun. Òun àti Àsíátù kò kí ara wọn láti Iléyá. Àsíátù ló ju igi lu ewúrẹ́ rẹ̀ tó wá mu omi ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ dá, ọ̀rọ̀ sì di yàn-ań-yán. Ìdí yẹn gan-an ni Bàṣírátù kò fi bá wọn dá sí ìjà òwúrọ̀ yẹn. Orí àpáta ló gbà lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù ni Ládòkun tó rántí. Ó dáwọ́ lílù dúró. Òun àti Àsíátù wo ara wọn, àwọn méjèèjì sì sáré sí iwájú ilé papọ̀. Wọ́n ti pẹ́ jù. Bàṣírátù ń bọ̀ lójú òjò, òun àti obìnrin mẹ́ta, bàsíà lórí kálukú, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọrin ìdúpẹ́. Ó gbé bàsíà kan kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ládòkun. Kò wo ojú Àsíátù. Ramlah ló kọjú sí.

"Ramlah, sọ fún ìyá rẹ pé mo bá wọn kó láfún wọn. Mo rí i pé ọwọ́ wọn dí." Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. "Kó má bínú o, a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, kò sáyè ìṣà. Mo kó tiwọn tó wà ní eteetí náà, n kò jẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò. A pín in dọ́gba sílé márààrún. Èyí tí òjò ti bà, ká gún un, ká fi ro ọkà jẹ lónìí, kó má baà bu. Àkọ́rọ̀ dé, a ó jẹun lónìí!"

Àsíátù la ẹnu. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti bo ẹnu náà, ọwọ́ kejì ti fà á wọlé. Àwọn obìnrin rò pé ìjà òwúrọ̀ ni kò tíì tán. Wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á pa mí," ni Ládòkun ń sọ sí i létí. "Wálàhí, wọ́n á pa mí. Jẹ́ kí n wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa gbà á padà lọ́wọ́ wọn."

"Wọ́n ń gún un lọ́wọ́ báyìí, ẹ ń sọ ìrọ̀lẹ́!"

Ó gbá a lẹ́nu. Ó tì í wọ yàrá, ó fa ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo tì í. Ramlah dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Ìyá. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i," ni Ládòkun wí, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Àsíátù fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó lọ sójú fèrèsé, ó kígbe, "Bàṣírátù! Ìyá Muhydeen! Ẹ má jẹ ẹ́ o!" Òjò lórí páànù gbé ohùn rẹ̀ mì. Òjò tó ti ń fi omijé tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti oṣù kejì ni. Inú bí i sí òjò náà, inú bí i sí Ọlọ́run tó rọ̀ ọ́ ní wákàtí yẹn gan-an, ẹ̀rù ìbínú náà sì bà á, ó ní "Asitagafúrúlàhì," ó tún ń lu ilẹ̀kùn lọ.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ké. Ewúrẹ́ Bàṣírátù ni, mẹ́ta, wọ́n ti ṣa láfún tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà jẹ. Wọ́n ń ta gìjàgìjà nínú ẹrẹ̀, ìfófòó ń yọ lẹ́nu wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó rí omi bù fún wọn, méjì ti kú, ìkẹta ń na ẹsẹ̀.

"Májèlé!" ni ẹnì kan kígbe. "Májèlé ló wà nínú láfún ojú ọ̀nà yìí!"

"Ta ló fi síbẹ̀?"

Láti inú yàrá ni Àsíátù ti gbọ́ ohùn tó dáhùn. Samsudeen ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, ọlọ́kadà tó ń ná Ṣakí sí Kìṣí. "Ta ni ì bá tún ṣe é bí kò ṣe Bòròrò? Wọ́n jẹ oko wa tán, ó kù kí wọ́n pa wá! Ẹ wò ó, Jẹ́ẹ́dé gan-an ló ń bọ̀ yẹn!"

Jẹ́ẹ́dé ni baálé gáà. Àgbàlagbà ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ mọ́ sí Yorùbá ju ti ọmọ Ṣakí mìíràn lọ. Màlúù rẹ̀ méjì ló ṣubú lẹ́yìn àpáta láàárọ̀ náà, ó sì mú ègé láfún kan lọ́wọ́ láti wá fi han àwọn àgbà. Ẹ wo àṣìṣe ọkùnrin yìí: ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, pẹ̀lú májèlé lọ́wọ́.

"Ó tún kó o lọ́wọ́! Ẹ rí i!"

Igi ló kọ́kọ́ bà á lórí. Àsíátù gbọ́ bó ṣe ró. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń pariwo pé, "Màlúù tèmi náà kú! Ṣé èmi ni mo máa pa màlúù mi?" Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú, tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí kéékèèké lẹ́nu rẹ̀. Samsudeen ní kí wọ́n lọ fa bẹtiróòlù látinú ọ̀kadà òun. Láàárín gbogbo ariwo yẹn ló ti gbọ́ ohùn kan tó mọ̀ ju gbogbo ohùn lọ.

"Ẹ má jẹ́ kó lọ! Ẹ dì í mú!"

Ládòkun ni.

Àsíátù jáwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tíì ṣà tán. Ó ti bá ọkùnrin yìí jẹ ìyà ọdún mẹ́ta, ebi, àdánù, ìgbájú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìpọ́njú ló ń ṣe é, pé bí ọdún bá yí padà yóò yí padà. Ìpọ́njú kọ́ ló pariwo yẹn. Ládòkun ló pariwo.

Nǹkan kan ró gbà lára ilẹ̀kùn. Ó tún ró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìkọ́ àgádágodo já, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ìyá Ládòkun ló dúró níbẹ̀, ó gbé ọmọ ọlọ lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń mí hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́, Ramlah fẹ̀yìn tì í kó má baà ṣubú. Ìyá sọ ọmọ ọlọ kalẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lè kọjá.

Àsíátù bu ègé láfún kan nínú bàsíà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bọ́ sójú òjò.

Abẹ́ igi mángòrò ni wọ́n wà. Jẹ́ẹ́dé dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bá omi òjò ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ìgò bẹtiróòlù ti wà lọ́wọ́ Samsudeen. Ládòkun dúró tì í pẹ̀lú àdá.

"Kì í ṣe òun!" ni Àsíátù kígbe. "Jẹ́ẹ́dé kọ́ ló ṣe é!"

"Àǹtí, ẹ padà sílé," ni Samsudeen wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti obìnrin."

"Akọ́wé, mo ní kì í ṣe òun." Akọ́wé ni orúkọ tó ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ.

"Ta wá ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Àsíátù wo ọkọ rẹ̀. Ládòkun mi orí sí i díẹ̀, irú èyí tí ẹlòmíràn kò lè rí. Ó ti rò ó látinú yàrá pé bí òun bá dé ìta, òun yóò sọ ọ́ jáde bí ẹni tutọ́. Ó la ẹnu, orúkọ náà kọ̀, kò jáde. Ẹni tí èèyàn ti ń pè ní Bàbá Ramlah láti ọdún mẹ́tàdínlógún, báwo lèèyàn ṣe ń fi ẹnu kan náà fà á lé àdá lọ́wọ́?

Ó gbé ègé láfún náà sókè.

"Bàbá Ramlah, ebi ń pa mí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Láfún wa nìyí, èyí tí Ìyá Muhydeen bá wa kó. Mi ò jẹun láti àná. Ṣé kí n jẹ ẹ́?"

Ládòkun ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi lẹ jẹ́. Bí ẹ bá ní kí n jẹ, màá jẹ. Ṣé kí n jẹ ẹ́?"

Òjò ń rọ̀. Samsudeen ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo Àsíátù, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bìsìmílà," ni Àsíátù wí, ó sì gbé e sẹ́nu.

Eyín rẹ̀ ti kan láfún náà nígbà tí ẹ̀yìn àdá bà á lọ́wọ́. Egungun ìka rẹ̀ méjì ró. Láfún fò sínú ẹrẹ̀. Ládòkun ti ju àdá nù, ó ti di ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn mú, ó ń fi etí dàńṣíkí rẹ̀ nu ahọ́n rẹ̀, ó ń kígbe bí ẹni tí iná ń jó, "Tu ú dànù! Àsíátù, tu ú dànù! Tutọ́! Mo ní kó o tutọ́!"

Láti òwúrọ̀ ló ti ń lù ú. Ìyẹn nìkan ló lù ú kó má baà kú, òun sì ni gbogbo abúlé rí.

Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn Jẹ́ẹ́dé gbé e kúrò wẹ́rẹ́. Bàṣírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gbé e sáré láìwo ẹ̀yìn: "Muhydeen! Muhydeen o! Ẹ sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀! Ẹ má tọ́ ọ wò o!" Àwọn obìnrin tó kù náà ti tú ká, kálukú ń pe orúkọ ọmọ tirẹ̀ lójú òjò. Àsíátù gbé ọwọ́ tó dá mọ́ àyà, ó ń ka àwọn ohùn náà títí ó fi gbọ́ ti Bàṣírátù, èyí tó kẹ́yìn, láti òkèèrè pé, "Àlàmùdù líláì, wọn ò tíì bù ú!" Àsíátù jókòó sínú omi.

Ìgbà náà ni wọ́n wá kọjú sí Ládòkun. Samsudeen ọmọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a. "Ẹ̀yin lẹ ní ká dì í mú! Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní ká dì í mú!" Ó ń sunkún, ó ń lù ú. Àwọn tó kù dà bò ó, igi tó bà Jẹ́ẹ́dé ló ń bà á. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ládòkun kò gbé ọwọ́ sókè. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìgò bẹtiróòlù.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni Àsíátù wí láti inú ẹrẹ̀. "Mo ní kẹ́ ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀. Mi ò jáde wá torí kẹ́ ẹ lè rí ẹlòmíràn sun."

"Ẹ̀yin náà lẹ tún ń gbè é?"

"Ta ló ń gbè é? Ẹ wo ọwọ́ mi!" Ohùn rẹ̀ ga báyìí, gbogbo ohùn tó ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta. "Oúnjẹ ilé márùn-ún ló bàjẹ́. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Ẹni tí kò bá kọ ebè láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Bí ẹ bá pa á, ṣé òkú ló máa bá yín kọ ebè? Kó kọ ti ilé yín, ilé yín, kó kọ ti Ìyá Muhydeen tó jẹ́ opó. Kó kọ ọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi bó. Tiwa ni kó ṣe kẹ́yìn."

Wọ́n dúró. Ìgò náà padà sílẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé dìde fúnra rẹ̀. Ó ti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e dànù. Ó wá fìlà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí ó fi rí i, ó fún un gbẹ, ó dé e lórí ẹ̀jẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Màlúù rẹ̀ ló jẹ iṣu wọn lésìí, ẹnì kankan kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbójú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Ládòkun ń gbẹ́ ihò lẹ́yìn abúlé pẹ̀lú ojú tó ti wú. Bàsíà márààrún ni wọ́n dà sínú rẹ̀, àti òkú ewúrẹ́ mẹ́ta. Àwọn èèyàn dúró yí ihò ká, wọ́n ń wo oúnjẹ bó ṣe ń wọlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ì bá sàn fún un kí wọ́n bú u.

Àsíátù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí Ramlah fi pákó àti aṣọ dì. Àwọn obìnrin ilé mẹ́rin ti wá jókòó tì í, torí kò sẹ́ni tó ní iná tó fẹ́ dá nílé. Bàṣírátù ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ramlah, ọwọ́ ń ro yín?" ló bi í, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti Iléyá.

"Ó ń ro mí. Ẹ kú àdánù ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ ló lọ, a dúpẹ́."

Ramlah bẹ̀rẹ̀ sí etí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Màámi, èbù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ṣé kí n bẹ ẹ́ kaná?"

Kò sẹ́ni tó wo Àsíátù, kò sì sẹ́ni tí kò dúró de ohun tó máa sọ. Ọmọ Bàṣírátù kan ń sunkún ebi nínú ilé tó wà lódìkejì.

"Gbé e wá," ni Àsíátù wí. "Mú ọ̀bẹ dání."

Ó gba ọ̀bẹ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ramlah ń bá a di èbù mú, òun ń gé e, ègé tó ní ojú tó lè hù, ọ̀kan fún ilé yìí, ọ̀kan fún ilé yẹn, títí ó fi di òkìtì márùn-ún nílẹ̀. Òkìtì náà kéré. Ó ti èyí tó sún mọ́ Bàṣírátù sí i níwájú.

"Ẹ má sè é o," ló wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Gbígbìn ni. Bàbá Ramlah á bẹ̀rẹ̀ ebè yín lọ́la, bí wọ́n bá ti kírun tán."

Bàṣírátù wo èbù náà pẹ́. Ó tú ọ̀já rẹ̀, ó kó o sínú rẹ̀, ó sì dì í ní kókó méjì.

Ramlah yíjú sí ìyá bàbá rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. "Ìyá, kí lẹ̀yin wá máa jẹ lálẹ́ yìí?"

Ìyá ti ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà tó já láàárọ̀, ó ń sín in sókùn titun. Kò gbójú sókè.

"Ṣé mo ti sọ fún yín pé mo fẹ́ jẹun ni?" ló wí. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."